Àbúrò Rẹ Ni Mo Fi Ṣe Aṣáájú

                                        Yàrá Kẹrin, Ilé Àwọn Eléré Ìje,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ìjì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọ̀tá mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ káfíńtà ńkọ́, ṣé ó ṣì ń kan àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan máa ń kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ojú tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Orúnkún rẹ wá ńkọ́ gan-an? Mo ní kí n bi ọ́ léèrè orúnkún náà lọ́tọ̀, torí mo mọ̀ pé òun nìkan ló ń sọ òótọ́ fún ọ láràárọ̀ tí o bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Èékánná ẹsẹ̀ mi mẹ́ta ti ṣí kúrò, ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wú bí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò wú, ni mo fi ní kí n kọ̀wé sí ọ.

Mo gbọ́ pé o jó. Awakọ̀ akẹ́rù tó máa ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá ló sọ fún wa. Ó ní nígbà tí rédíò kéde pé àbúrò rẹ ti gba rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbàárùn-ún mítà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ láti ọdún gbọọrọ, o bọ́ síta pẹ̀lú orúnkún burúkú yẹn, ò ń jó lójú títì, ò ń sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé rẹ́kọ́ọ̀dù ò kúrò nílé, pé àpò ọ̀tún ló ti bọ́ sí àpò òsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jó, jó dáadáa. Ṣùgbọ́n tí o bá jó tán, jókòó, gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kí o ka ìwé yìí. Rédíò ò sí nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Èmi wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun èmi, torí ibi tí yóò ti dun ìwọ ṣì ń bọ̀. Ìwọ àti èmi jọ sùn nínú yàrá kan náà ní àgọ́ ìgbaradì fún ọdún púpọ̀, a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Gbogbo eré tí a bá sì jọ sá, ìwọ ní í ṣíwájú, èmi ní í tẹ̀lé ọ. Lọ́jọ́ tí o gba rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ọ́ ní gìgísẹ̀. Èmi náà sáré ju rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ lọ́jọ́ náà, àbí o ò mọ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Akọ̀ròyìn kan bi ọ́ pé ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́ nígbà tí mo súnmọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. O wojú mi níbi tí mo jókòó sí nílẹ̀ tí mò ń bì, o ní ìwọ ò rí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ lè ti gbàgbé. Èmi kọ́! Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn, mo fi jí, mo fi sáré nínú òjò, mo fi sáré nínú oòrùn. Àwọn kan ń lo oògùn kí ẹsẹ̀ wọn lè yá. Èmi, ìkórìíra rẹ ni mò ń lò, kì í sì í hàn nínú ìtọ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ bàjẹ́, o lọ gba iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá. Wọ́n ní lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ tuntun bá dé, ọ̀gá ilé-ìwé yín á mú ọ dúró níwájú wọn, á ní kí wọ́n wo obìnrin tí kò sí obìnrin mìíràn tó sáré tó o. Ó máa ń dùn mọ́ ọ nínú, mo mọ̀ ọ́. Mo sì mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Àga ọkọ rẹ ò dúró, orúnkún rẹ ò dúró, rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn nìkan ló dúró. Òun gan-an ni mo fẹ́ gbà.

Lọ́dún yìí ni kóòṣì pè mí jókòó, ó ní ara mi ò lè gbà ju eré ńlá kan ṣoṣo lọ mọ́. Ó ní ọrùn ẹsẹ̀ mi ti ń bẹ̀ mí, kí n gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo ní ẹyọ kan yẹn tó mi. O mọ iṣẹ́ aṣáájú, ìwọ náà ti lò wọ́n rí: ẹni tí wọ́n háyà pé kó máa sáré lọ níwájú, kó máa fi àyà gba afẹ́fẹ́ fún ẹni tó ń lé rẹ́kọ́ọ̀dù, tó bá dé ìdajì eré kó yà bàrá sínú koríko àárín pápá, kó lọ mu omi. Kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ wọn. Kóòṣì ti rí obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Mo ní rárá o. Mo ní Àpò-Bàtà ni mo fẹ́.

Má ṣe bí ẹni tí kò mọ orúkọ yẹn, ìwọ lo sọ ọ́. Ọmọ ilé-ìwé ni àbúrò rẹ nígbà tó máa ń wá sí àgọ́, tó máa ń gbé àpò bàtà wa tẹ̀lé wa lẹ́yìn, tí o máa ń ní kó fi igi ha ẹrẹ̀ ìdí bàtà rẹ kúrò. Ọjọ́ tó ní òun náà fẹ́ sáré, o ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bí ẹsẹ̀ àpótí, pé kó máa gbé àpò lọ ní tirẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ọmọ náà sì gbé àpò.

Ó ti dàgbà báyìí, ó ń sá eré kéékèèké kiri, kò tíì gba nǹkan kan. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ kò pamọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ọmọ ìyá rẹ ló fà mí lọ́wọ́ dé ìdí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ. Mo fẹ́ kí o jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí o máa wo bó ṣe ń fi àyà rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ fún mi. Mo tilẹ̀ ti bá ayàwòrán kan sọ ọ́ pé kó ya àwa méjèèjì papọ̀, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, kí n fi férémù sí i, kí n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé yín kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. Bí mo ṣe burú tó nìyẹn, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi.

Ìdajì eré ò tó mi. O mọ̀ pé yíyí pápá nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni eré wa. Mo ní àfi kó ṣáájú mi títí yóò fi ku ìyípo márùn-ún, kí o lè wò ó pẹ́. Kóòṣì ní kí n rọra, pé aṣáájú tó bá lè dé ibẹ̀ lè dé òpin. Mo ní ẹsẹ̀ wo ni yóò fi dé ibẹ̀? Mo ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkùnrin náà gbọn orí, ó ní òun ti sọ tòun.

Kó tó lè gbé mi jìnnà tó bẹ́ẹ̀, a ní láti jọ gbaradì. Bó ṣe kó wá sínú yàrá mi nìyẹn. Mo fún un ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìlà inú níbi igun kí wọ́n má bàa sá ju bó ṣe yẹ lọ, bí wọ́n ṣe ń sinmi lórí eré, bí wọ́n ṣe ń mí. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá bó, mo máa ń ní kó tún pápá yí sí i. Bí ó bá sì ṣe dáadáa, mo máa ń ní kò burú, Àpò-Bàtà, ó kù díẹ̀ káàtó. Àǹtí ló ń pè mí. Àǹtí, ẹ ti jẹun? Àǹtí, ẹ jẹ́ n bá yín fọ ìbọ̀sẹ̀ yín. Kò sunkún rí lójú mi, kò fèsì èébú rí. Èmi òmùgọ̀, mo ní ìwà ló ní. Ó yẹ kí n ti fura sí ẹni tí kì í bínú.

Ọjọ́ náà pé. Ojú ọjọ́ tutù, èrò kún pápá bámúbámú. Wọ́n yìnbọn, a gbéra. Àbúrò rẹ bọ́ síwájú, mo lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kò pẹ́ tí gbogbo àwọn yòókù fi já dànù. Ìjì, ó dùn! Irọ́ ni mo pa bí mo bá ní kò dùn. Ẹ̀yìn ọmọ yẹn gbòòrò, afẹ́fẹ́ kan ò kàn mí. Nígbàkígbà tí a bá kọjá níwájú pátákó aago, a ti wà ṣáájú rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ, èrò á sì hó yèè. Mò ń sáré, mò ń rẹ́rìn-ín nínú mi lọ́hùn-ún. Ojú rẹ ni mò ń fojú inú wò, bó ṣe máa ń rí tí o bá fẹ́ sunkún tí o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, ẹni tó bá ti sáré tẹ̀lé ọ rí nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe náà. O mọ̀ pé imú lo fi máa ń mí sókè, fín-ín, fín-ín, bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́yìn rẹ, etí ni mo fi ń mọ ibi tí agbára rẹ kù sí. Tí ariwo imú yẹn bá ti dákẹ́, ó ti rẹ̀ ọ́ nìyẹn, o kàn ń dọ́gbọ́n ni. Àbúrò rẹ náà ń mí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹbí ni yín. Nígbà tó ku nǹkan bí ìyípo mẹ́jọ, ariwo imú rẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Mo ní ó ti tán nínú ọmọ yìí. Àánú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí. Mo ní kò ní lè gbé mi dé ibi àdéhùn mọ́, ni mo bá dẹwọ́ eré díẹ̀, kí n lè tọ́jú agbára de ìgbà tí yóò ku èmi nìkan. Mi ò mọ̀ pé tirẹ̀ kì í dákẹ́ nítorí àárẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ló máa ń dákẹ́. A jọ gbé yàrá kan, mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí, mi ò sì fetí sí mímí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tìrẹ ni mò ń gbọ́.

Ó ku márùn-ún, mò ń retí kó yà. Kò yà. Mo ní bóyá kò kà á dáadáa, mo pariwo sí i pé ó tó, kó bọ́ sínú koríko. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó wò mí bí ẹni ń wò ó bóyá òun ti ti ilẹ̀kùn. Ó sì fi kún eré. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Kò sì sí òfin tó ní kí aṣáájú má parí eré. Orúkọ rẹ̀ wà láàárín tiwa, nọ́ńbà wà láyà rẹ̀ bó ṣe wà láyà mi. Nígbà tí mo fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àyè ti ṣí sílẹ̀ láàárín wa, afẹ́fẹ́ tí mi ò gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ń gbá mi lójú.

Mo lé e. Ìjì, mi ò lé ìwọ gan-an bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n lu agogo ìyípo ìkẹyìn, mo ní kí n kú lónìí tó bá jẹ́ pé ikú ló máa gbà. Níbi igun tó kẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Mo nawọ́. Kò sẹ́ni tó rí mi, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún: mo nawọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ kí n fà á lulẹ̀. Òfìfo ni mo dì mú. Ẹsẹ̀ àpótí tí o wí yẹn ń lu ilẹ̀ gbì, gbì, gbì, ó ń jìnnà sí mi. Ó kọjá ìlà, èmi náà kọjá. Àwa méjèèjì la sáré ju rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ lọ, gbọ́ ọ dáadáa, àwa méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀.

Mo ṣubú síbẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Mo rí i tó ń padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, mo ní bóyá ó fẹ́ fà mí dìde. Ó gbẹ́sẹ̀, ó ré mi kọjá bí ẹni ń ré gọ́tà kọjá, ó lọ gba àsíá. Akọ̀ròyìn kan wá na ẹ̀rọ sí mi lẹ́nu, inú mi dùn, mò ń wá ohun tí n ó sọ. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún díẹ̀, mo dí kámẹ́rà lọ́wọ́.

Mo dúró dè é nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mo ti to èébú jọ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni bóyá ìwọ lo rán an. Mo ní ó kú iṣẹ́ o, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba nǹkan rẹ̀ pa mọ́, ẹ̀yin ìdílé yìí ẹ ò jẹ́ kí nǹkan yín bọ́ sọ́wọ́ ará ìta. Ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. Ó ní, “Àǹtí, kí ló kan ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀? Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń lé.” Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé àpò bàtà lòun ti mọ̀ pé ẹni tó bá máa já rẹ́kọ́ọ̀dù gbà lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀gbẹ́ mi ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé, torí èmi nìkan ló kórìíra rẹ débi tí n ó fi sá dé ibẹ̀. Ó ní òun ò tilẹ̀ wo pátákó. Ó ní rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ ti gbó, òun kàn gbá a kúrò lójú ọ̀nà ni. Mo bi í pé ṣé yóò pè ọ́ lórí fóònù. Ó ní tí òun bá ráyè. Mo ṣírò ọjọ́ tó ti kọjá, mo sì mọ̀ pé kò tíì ráyè, àbí ó ti pè? Mo mọ̀ pé kò pè.

Èébú tí mo tò jọ dà? Mi ò rántí ẹyọ kan. Mo sunkún, ó ń wò mí, ó ń gé èékánná.

Ó ku ohun kan. Ó ti kó kúrò nínú yàrá mi, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ó mú ọsàn dání, ó kí mi dáadáa, ó béèrè ẹsẹ̀ mi. Ó ní òun fẹ́ tún eré náà sá kí ọdún tó parí, kí òun gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà lọ síbi tí ọwọ́ ẹnì kan ò ní tó. Ó ń wá aṣáájú. Ó ní èmi ni òun fẹ́, pé kò sí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ òun bíi tèmi. Ó ní ìdajì péré, kí n yà sínú koríko, kí n lọ mu omi. Ó ní ọkàn òun balẹ̀ pé èmi ò lè parí rẹ̀.

O sì mọ̀ pé ẹni tó ti ni rẹ́kọ́ọ̀dù rí ni wọ́n máa ń pè wá lu agogo ìyípo ìkẹyìn níbi eré ńlá. Orúkọ rẹ ló fún wọn. Ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí ọ, ọwọ́ òun dí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí gan-an nìyẹn, Ìjì. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Èmi tí mo ti ń fi ọdún wo bí n ó ṣe bà ọ́ lọ́kàn jẹ́, àbúrò rẹ ló wá rán mi pé kí n lọ bà ọ́ lọ́kàn jẹ́.

Mo ti gbà fún un. Kí ni mo tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ yìí ṣe? Ìwọ náà á gbà. Tí o bá kọ̀, àwọn tí o jó lójú wọn á ní ò ń jowú ọmọ ìyá rẹ. Màmá á ní kí ló dé. Ọ̀gá ilé-ìwé yín á sì ti kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, kí wọ́n wá wo tíṣà wọn, ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí wọ́n á ṣe máa pè ọ́ láti ìsinsìnyí lọ nìyẹn, tètè jẹ́ kó mọ́ ọ létí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó kú iṣẹ́ àga. Bá mi kí Màmá, má ka ìwé yìí sí wọn létí, ayọ̀ wọn ò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Bá mi kí àwọn ọmọ rẹ, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú jù ni kí o kí dáadáa jù. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, tí o bá dúró nídìí agogo, wo àárín pápá: n ó wà nínú koríko, n ó ti mu omi mi tán. Kò ní jìnnà, a lè wo ojú ara wa. Nígbà tó bá ń bọ̀, má fọwọ́ ẹ̀lẹ̀ lù ú. Lù ú kó dún, kí ọmọ yẹn má lọ mọ̀ pé ó dùn wá.

Tìrẹ náà ni mí, bó wù ọ́ bí kò wù ọ́,

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.